Ta Ni Yóò Dúró fún Ẹniafẹ́?

Nígbà tí ọ̀rọ̀ físà Ẹniafẹ́ dé, ọkọ mi ṣì wà láyé. Bàbá Mákindé ni gbogbo Èjìgbò ń pè wọ́n, torí Mákindé ni àkọ́bí wa. Àbúrò wọn obìnrin náà ṣì wà, Màmá Àbíjàn, ẹni tó ta aṣọ ní Àbíjàn títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé òun kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, tó sì gbé ẹnu tó fi ń nájà bọ̀ wálé. Ìyàwó Mákindé nìkan ni kò sí. Ọjọ́ tó bí Ẹniafẹ́ ló lọ, ọwọ́ èmi àti ọkọ mi sì ni ọmọ náà dàgbà sí. Igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wà ní ìdúró. Oyin ni kò sí. Oyin ti kú tán kí wọ́n tó bí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka ọ̀rọ̀ yìí, bóyá oyin ti padà ní ìgbà tiyín. Ní tiwa, ìyẹ́ adìẹ la fi ń ṣe iṣẹ́ tí kòkòrò náà ń ṣe. Bí ẹ̀gúsí bá ti tanná, a ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárọ̀, a ó fi ìyẹ́ gbá lẹ́búlẹ́bú ara òdòdó akọ, a ó fi pa abo lára, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, títí fèrè oòrùn yóò fi dún. Bí fèrè bá ti dún, òfin ni, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wà ní gbangba mọ́, torí oòrùn ọ̀sán ti ń pa ènìyàn. A ó sá wọlé pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń ro wá.

Láti kékeré ni Ẹniafẹ́ ti ń bá wa ṣe é. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó ju ìyẹ́ sílẹ̀, ó nàró.

"Ìyá àgbà, wọ́n ṣì ń sin oyin ní Nọ́láńdì, lókè òkun. Inú yàrá ńláńlá ni wọ́n ń sìn wọ́n sí, wọ́n sì ń kọ́ ènìyàn. Mo fẹ́ lọ kọ́ ọ. Mo fẹ́ kó wọn bọ̀ wálé."

Mo ní kó mú ìyẹ́ rẹ̀, kí fèrè má bá wa lóko. Mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn á lọ bí ọ̀rọ̀ ọmọdé ṣe ń lọ. Kò lọ. Ó kàwé, ó ṣe ìdánwò wọn níwájú dígí ara ògiri wa, èyí tí a fi ń rí àwọn ará òkèèrè, ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún sì gbà á. Físà ló kù.

Gbogbo wa la tẹ̀lé e lọ sí Òṣogbo. Ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ ló gbé wa. Bí a ti wọlé ni Bàbá Mákindé kí àga iwájú tó ṣófo, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ ń kí?" Màmá Àbíjàn ló bi wọ́n.

"Ẹni tó ń wà á."

"Kò sẹ́ni tó ń wà á."

"Ẹni tí kò sí yẹn ló ń gbé ọ lọ. Kí i."

A rẹ́rìn-ín títí a fi kọjá Ẹdẹ. Èmi ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú mi wà lára ọmọ náà. Ó ti di irun rẹ̀ ní ṣùkú, bí mo ṣe ń dì í fún un nígbà tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Mo ń rò ó pé ta ni yóò máa di irun fún un níbẹ̀. Nígbà ọmọdé mi, bí ará Èjìgbò bá ń lọ Àbíjàn, ó gbé gààrì, ó gbé búrẹ́dì, ó wọ ọkọ̀, ó di gbére. Ẹnikẹ́ni kì í bi í pé ta ló fi sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ padà, á padà. Ẹni tí kò bá fẹ́, ìyá rẹ̀ á máa jókòó sí ibùdókọ̀ ní ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ń bọ̀.

Ilé físà tutù bí inú ìkòkò omi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló gbà wá, Ọ̀gbẹ́ni Bámgbóyè lorúkọ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Mákindé pẹ̀lú táì lọ́rùn, inú wa sì dùn. Ẹ̀rọ tó ń béèrè ọ̀rọ̀ wà lára ògiri, ó rí roboto bí àwo, iná kan ń tàn láàárín rẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ohùn rẹ̀ dà bíi ti ọmọ tí wọn kò pa àlọ́ fún rí.

"Ẹniafẹ́ ọmọ Mákindé, kí lo fẹ́ lọ ṣe?"

"Mo fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sin oyin."

"Bí o bá kọ́ ọ tán, ibo ni wàá lọ?"

"Ilé."

"Ta ló ń dúró dè ọ́ nílé?"

Ọmọ náà yíjú wò wá, ó ní, "Gbogbo àwọn wọ̀nyí."

"Ẹnì kan ni òfin mọ̀. Ta ni onídùúró rẹ?"

Ọ̀gbẹ́ni Bámgbóyè wá mú àpótí kékeré kan jáde. Ẹ̀gbà kan wà nínú rẹ̀, òrùka kan sì wà. Ó ṣàlàyé pé ọwọ́ onídùúró ni ẹ̀gbà máa wà, ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni òrùka máa wà. Bí ọkàn onídùúró bá ṣe ń lù nílé, bẹ́ẹ̀ ni òrùka á ṣe máa lù lókèèrè. Nọ́láńdì ló ṣe òfin náà, torí àwọn ọmọ tó ń lọ tí wọn kì í padà. Wọ́n ní ọmọ tó bá ń gbọ́ ọkàn ẹni tirẹ̀ kò ní gbàgbé ilé.

"Níwọ̀n ìgbà tí ọkàn onídùúró bá ń lù, físà wà," ni ó wí. "Bí nǹkan bá... bí nǹkan bá yí padà, físà náà á yí padà."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá Mákindé ti dìde kó tó parí ọ̀rọ̀. Wọ́n ká apá agbádá wọn, wọ́n lọ dúró síwájú ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ náà ní, "Ta ni ìwọ?"

Màmá Àbíjàn fò sókè lórí àga. "Ta lò ń pè ní ìwọ? Irú ẹ̀rọ wo nìyí! Ṣé o kò rí ewú lórí wọn ni?"

Ọ̀gbẹ́ni Bámgbóyè sáré fọwọ́ kan nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ̀rọ wá ní, "Ẹ forí jìn mí, Bàbá. Ta ni ẹ̀yin?"

"Ẹ ò rí i? Ó mọ̀ ọ́n sọ," ni Màmá Àbíjàn wí. "Kò kàn rí ẹni tọ́ ọ ni."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọwọ́ ọkọ mi tó wà ní nínà. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n díẹ̀, bí ọwọ́ àgbà ṣe máa ń gbọ̀n.

"Bàbá, ẹ̀gbà yìí máa ń wúwo o."

"Mo ti ru àpò kòkó rí."

"Kì í ṣeé bọ́ bí ẹ bá fẹ́ wẹ̀."

"Màá wẹ̀ ẹ́ mọ́ra mi."

"Ọdún mẹ́ta gbáko ni ẹ̀kọ́ ọ̀hún, Bàbá."

"Mákindé tó jókòó yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún mẹ́ta ní kíláàsì kan. A kò kú."

Màmá Àbíjàn pàtẹ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Bámgbóyè nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo bí ibẹ̀ ṣe tutù tó. "Mo kàn ń wò ó ni, Bàbá, pé bóyá kí ọmọdé kan bá yín gbé e, kí ẹ̀yin sinmi."

"Ọmọdé?" Màmá Àbíjàn tún ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Kí ọmọdé na ọwọ́ ṣáájú bàbá rẹ̀? Ọmọ ibo ni ọ́?"

Mo wo Mákindé ọmọ mi. Ó mọ ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ń fọgbọ́n sọ. Mo rí i lójú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún rẹ̀, kò gbé wọn. "Bàbá wà níbí," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Ta ni èmi?"

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe tọ́ ọ. Bí àgbà bá jókòó ti àwo, ọwọ́ ọmọdé kì í kọ́kọ́ wọ ọbẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó lè la ẹnu kó ní, "Bàbá, ẹ ti dàgbà jù, a ń bẹ̀rù ikú yín." Akọ̀wé tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ ọ́ pàápàá, ọmọ Yorùbá ni, kò lè sọ ọ́. Ẹ̀gbà náà dé ọrùn ọwọ́ ọkọ mi, ó sì há. Òrùka bẹ̀rẹ̀ sí í lù ní ìka Ẹniafẹ́. Ó fi ọwọ́ kejì bò ó bí ẹni tó mú ọmọ ẹyẹ dání.

Nígbà tí a jáde, ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ìyá àgbà, bí ọkàn Bàbá bá dákẹ́, wọ́n á dá mi padà. Ibi yòówù kí ẹ̀kọ́ mi dé. Wọn kì í gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì."

"Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ níwájú wọn?"

"Kí n sọ kí ni, Ìyá? Kí n wo ojú Bàbá, kí n ní wọ́n máa kú kí n tó ṣe tán?"

Bàbá Mákindé ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, wọ́n gbé ọwọ́ ẹ̀gbà sókè bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ oyè, wọ́n ń fi oríkì rẹ̀ pè é, "Àyìnkẹ́! Àyìnkẹ́ ọkọ mi! Ṣé ò ń gbọ́ mi nínú rẹ̀?"

"Mò ń gbọ́ yín, Bàbá."

Ó lọ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tó lọ, mo se ẹ̀gúsí fún un, kò lè jẹ ẹ́. Mo kó aṣọ òtútù tí a rà fún un sínú àpótí, mo tún kó o jáde, mo tún kó o padà, kí ọwọ́ mi lè máa rí nǹkan ṣe. Lẹ́yìn tó lọ tán, ìgbálẹ̀ rẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀ ibi tó máa ń fi sí. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gbálẹ̀.

A ń rí i nínú dígí ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ń fi oyin hàn wá. Ọkọ mi á sún mọ́ dígí títí imú wọn á fi kàn án. Wọ́n á ní, "Àwọn yẹn ni? Ṣé wọn kì í ta ọ́?" Ó ní wọ́n ń ta òun, ó ń dun òun, inú òun sì ń dùn. Ó sanra díẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń di irun rẹ̀ níbẹ̀, kò sì mọ̀ ọ́n dì.

Ọdún kan kọjá. Òjò ọdún kejì ló gbé àìsàn wọ àyà Bàbá Mákindé. Wọn kò lè dé oko mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Bámgbóyè wá kí wọn, láìsí táì, búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó kí wọn tán, ó tẹ̀lé mi wọ ilé ìdáná.

"Màámi, ọ̀nà kan wà. Wọ́n lè bọ́ ẹ̀gbà náà kí a fi sọ́wọ́ Mákindé. Àmọ́ ẹnu Bàbá fúnra wọn ló gbọ́dọ̀ ti jáde. Wọ́n á dúró níwájú ẹ̀rọ, wọ́n á ní agbára àwọn kò gbé e mọ́. Ó tán."

"Kí ló dé tí o kò wí bẹ́ẹ̀ fún wa lọ́jọ́ náà?"

"Màámi, ẹ wo ojú mi. Ṣé ojú tó lè sọ ọ́ nìyí?"

Lóòótọ́, kì í ṣe òun. Bí a kò bá rí ọmọdé tó lè sọ ọ́, ìyàwó ló kù. Ó tó ọjọ́ díẹ̀ kí n tó sọ ọ́. Mo bu omi gbígbóná, mo ń fi aṣọ ra àyà wọn, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láìwo ojú wọn.

Wọ́n ní, "Nítorí náà, ẹ ti gbẹ́ ilẹ̀ mi tán."

"Bàbá Mákindé, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ó jìn dáadáa? Mo ga o. Kí ẹ má lọ ká mi lẹ́sẹ̀ kò."

Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì tẹ̀lé e. Àwọn náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Nígbà tí ikọ́ rọ̀, wọ́n na ọwọ́ ẹ̀gbà sí mi, wọ́n ní kí n fọwọ́ kàn án.

"Ìyá Mákindé, ọmọ yẹn ń gbọ́ mi. Bí mo bá jí láàárọ̀, ó mọ̀ pé mo ti jí. Bí mo bá bínú sí ọ, ó mọ̀ pé mo ń bínú. Bí mo bá bọ́ èyí, kí ló kù tó so mí mọ́ ọn? Dígí ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀?"

"Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ńkọ́?"

Wọ́n yí ojú sí ògiri. "Ẹ bi í. Ohun tó bá wí ni màá ṣe. Màá lọ síwájú ẹ̀rọ aláìlẹ́kọ̀ọ́ yẹn, màá ní mo ti di akúrẹtẹ̀."

Mo pè é nígbà tí wọ́n sùn. Mo sọ ọ́ fún un bó ṣe jẹ́, pé àìsàn náà kì í ṣe kékeré, pé bàbá rẹ̀ ti ṣe tán láti gba ẹ̀gbà náà, pé ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀ ló kù. Ó wo òrùka náà pẹ́.

"Mo mọ̀ pé ara wọn kò yá," ni ó wí. "Ó ti ń lù wúrúwúrú láti ọjọ́ mélòó kan. Ìyá, yàrá tí mò ń sùn níbí, n kò mọ ẹnikẹ́ni nínú ilé náà. Bí mo bá dùbúlẹ̀, màá gbé ọwọ́ mi sí etí. Mo ń gbọ́ Bàbá. Oorun á wá gbé mi lọ."

"Bí wọ́n bá fi ti bàbá rẹ rọ́pò, òun náà ló bí ọ."

"Mo mọ̀. Àmọ́ nígbà náà, n kò ní gbọ́ ti Bàbá mọ́, wọ́n á sì ṣì wà láyé." Ó nu imú rẹ̀. "Kí wọ́n wà lọ́wọ́ mi, Ìyá, ibi tí ẹ̀kọ́ bá dé kó dé. Ẹ má bọ́ ọ."

"Oyin tí o fẹ́ kó bọ̀ ńkọ́?"

Ó sunkún nígbà náà. Kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Ìgbà yẹn ni àdúrà bẹ̀rẹ̀ sí í nira fún mi. Bí mo bá kúnlẹ̀ tí mo ní kí Ọlọ́run fún ọkọ mi ní ẹ̀mí gígùn, mo mọ̀ pé mò ń ní kí ọmọ náà pẹ́ kó tó dé. Bí àárò rẹ̀ bá sì sọ mí, tí mo fẹ́ wí pé kí Ọlọ́run tètè mú un bọ̀, màá fọwọ́ bo ẹnu mi. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló lè mú un bọ̀ kíákíá. Mo máa ń dìde láìwí nǹkan kan, màá lọ dúró ní ibi ìgbálẹ̀ rẹ̀.

Ọkọ mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà láyé. Wọ́n mu àgbo, wọ́n lo oògùn dókítà, wọ́n fi aáwọ̀ sílẹ̀. Bí Màmá Àbíjàn bá fẹ́ tọ́ wọn níjà, wọ́n á gbé ẹ̀gbà sókè, wọ́n á ní, "Má fi ariwo rẹ jí ọmọ mi." Bí ọkàn wọn bá ń sáré, wọ́n á jókòó jẹ́jẹ́ títí yóò fi rọlẹ̀, kí ọmọ náà má baà dáyà fò. Ọdún kejì parí. Ọdún kẹta wọlé. Ẹniafẹ́ ní wọ́n ti fún òun ní ilé oyin kan láti dá sìn, pé bí òun bá sìn ín la ìgbà òtútù já, ẹ̀kọ́ parí, òun á sì kó ìran wọn bọ̀ wálé. A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ibi tí a ó gbé wọn sí. Bàbá Mákindé ní abẹ́ máńgòrò. Mo ní oko. A jà lórí rẹ̀ gan-an, bí ẹni pé wọ́n ti wà lọ́nà.

Ọjọ́ Àlàmísì kan, fèrè oòrùn dún, gbogbo àdúgbò wọlé. Bàbá Mákindé jókòó sórí àga wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí òjìji dé. Èmi wà nínú pálọ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kùn, orin kan tí wọ́n máa ń fi ré Ẹniafẹ́ lẹ́kún nígbà tó wà ní ọmọ ọwọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́. Mo rò pé oorun ti gbé wọn.

Dígí mọ́lẹ̀ lójijì. Kì í ṣe ọjọ́ tó máa ń pè. Ẹniafẹ́ ni. Aṣọ funfun tí wọ́n fi ń wọ ilé oyin wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti ká ìbojú rẹ̀ sókè, irun rẹ̀ tú.

"Ìyá àgbà, níbo ni Bàbá wà?"

"Wọ́n wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ń sùn. Kí ló dé tí o fi ń pè lásìkò yìí? Ṣé o ti jẹun?"

Ó di ìka tí òrùka wà mú, ó fún un pinpin.

"Ìyá, ẹ lọ jókòó tì wọ́n. Kí wọ́n má dá wà."

"Ṣé kí n jí wọn fún ọ?"

"Rárá, Ìyá," ni ó wí. "Ẹ má jí wọn."

Àwo ẹ̀wà bọ́ lẹ́sẹ̀ mi. Láyé àtijọ́, àwa la máa ń fi òkú pamọ́ fún ọmọ tó wà ní ìdálẹ̀. Nígbà tí ìyá mi kú, ẹ̀gbọ́n mi wà ní Àbíjàn, a sọ fún un pé ìyá lọ sí abúlé, títí tó fi tajà rẹ̀ tán tó sì wálé. Báyìí, ọmọ tó wà ní òpin ayé ló ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ tú u fún mi, èmi tí mo wà ní ìdí ilẹ̀kùn.

Mo lọ bá wọn. Ojú wọn wà ní pípadé, orí wọn fara ti ògiri. Ọwọ́ wọn ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo gbé ọwọ́ náà lé itan mi. Mo fi ilẹ̀kùn pálọ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí kí dígí lè rí wa. Ọmọ náà kò lọ. Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó ń wò wá. Mákindé wà nínú ahéré lóko, kò lè gba inú oòrùn wálé. Títí fèrè kejì fi dún tí àwọn ènìyàn ń jáde, àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀.

"Mò ń bọ̀ nílé, Ìyá," ni Ẹniafẹ́ wí.

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Máa bọ̀."

Ọjọ́ Àlàmísì yẹn ni ọkọ mi kú, ní ọ̀sán gangan, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́.